Ààrò Mẹ́ta Lókè Omi

Òjò alẹ́ kan ló gbé pákó wa lọ lórí Kúdẹtì,
pákó méjì tí à ń tẹ̀ kọjá lọ sílé ìwé.
Búsàrí ajórin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ní kí n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ wá.
Ó fi òwú so mẹ́rin lórí-lórí,
ó di fèrèsé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.
"Tì í."
Mo fi ìka kan tì í,
fèrèsé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mẹmu yó.
Ó yọ ẹyọ kan sọnù, ó so mẹ́ta tó kù pọ̀.
"Tì í."
Mo tì, mo tì,
mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
ẹyọ ìgbálẹ̀ ń ké, igun kò yẹ̀.

Ó bi mí pé, kí ló dé tí ààrò kì í fi í ṣe méjì?
Mo ní kí ọbẹ̀ má baà dànù ni.
Ó rẹ́rìn-ín. "O ti mọ afárá kọ́ nìyẹn."

Irọ́ ni, n kò tí ì mọ̀ ọ́n.
Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
a lọ sábẹ́ afárá reluwé kan lọ́nà Ọ̀mì-Adió,
níbi tí ìpẹtà ti fi osùn kun irin látòkè délẹ̀.
Ó nàka: ọ̀pá òkè gbọọrọ yẹn, ìfúnpọ̀ niṣẹ́ rẹ̀,
wọ́n ń tì í níhìn-ín, wọ́n ń tì í lọ́hùn-ún,
bí ẹni tí ìjà ẹbí ká mọ́ àárín.
Ọ̀pá ìsàlẹ̀, ìfà ni tirẹ̀,
okùn ni, irin ni wọ́n kàn fi hun ún.
Àwọn onígẹ̀rẹ́ tó wà láàárín,
èyí gba ìfúnpọ̀, èyí gba ìfà,
wọ́n ń fi ẹrù lé ara wọn lọ́wọ́
títí ẹrù yóò fi dé bèbè, tí ilẹ̀ yóò gbà á.
Àwo irin tí wọ́n ti pàdé, ojú ìdè nìyẹn.
Mo ka ìṣó orí rìbìtì tó wà lára ọ̀kan:
mọ́kànlélógún.

Ọkọ̀ dé lójijì. Ilẹ̀ gbọ̀n.
Mo rí i tí irin náà wolẹ̀ díẹ̀, bí ẹni mí èémí,
mo di ṣòkòtò Búsàrí mú.
Ó ní, "Afárá tí kò bá tẹ̀ rárá, irọ́ ló ń pa."

Oṣù mẹ́ta ló fi jó tiwa,
páìpù àlòkù, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù,
bí iná bá lọ, a óò jókòó sínú òkùnkùn,
a óò máa retí.
Ìyá Sùwébátù ló kọ́kọ́ gun orí rẹ̀,
tòun ti orí maṣíìnì ìránṣọ lórí.
Ó dé àárín, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní òun ń dán an wò ni.

Nísinsìnyí, ní Bódìjà, èmi náà ń ya afárá sórí ìwé.
Ọ̀pá kan máa ń wà tí ìṣirò mi kì í rí ẹrù kankan lórí rẹ̀,
kò sí ìfúnpọ̀, kò sí ìfà.
Mo kọ òdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, irin wọ́n."
Mo ní rárá:
òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká kò.

Ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ayé rẹ̀,
Búsàrí kò jórin mọ́, ojú ti lọ.
Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló máa ń jókòó sí.
Àwọn àlejò a máa bi wá pé
kí ni bàbá yìí ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀.